Ẹni Tó Ń Gbá Básíkẹ́ẹ̀tì Tó Tún Ń Ka Ìtàn ní Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ lẹ́bàá pápá ní yunifásítì Ifẹ̀ tí kì í dùn mọ́ mi. Bí wọ́n bá rí ọmọ tó ga, tí ọwọ́ rẹ̀ dán nínú básíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì gbọ́ pé ẹ̀ka Ìtàn ló wà, wọ́n á ní, "Ìyẹn dáa, kọ́ọ̀sì tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn." Wọ́n rò pé ẹni tí kò wọ làbù, tí kò yanjú ìṣirò, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Irọ́ ni. Irọ́ yẹn sì ti mú kí àwọn ọmọ kan fi ọdún kan gbáko kún ọdún mẹ́rin tó yẹ kí wọ́n lò. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló fà á. Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ Ìtàn kò ní aago. Ọmọ tó ní làbù mọ̀ pé aago méjì òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Ìtàn lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣeré láìṣí ìwé, kò sẹ́ni tó máa pè é, àfìgbà tí ìdánwò bá kanlẹ̀kùn. Tírénì ní tirẹ̀ ní aago, kóòṣì sì ń pe orúkọ. Èyí tó ní aago ló máa ń jẹ èyí tí kò ní.

Ẹni tó bá ní àwọn méjèèjì kò ṣeé dì mú pọ̀, kó wo Bill Bradley, agbábásíkẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà. Ìtàn ló kà ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní 1965. Kó tó jáde, ó ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 1964. Ní oṣù kẹta ọdún 1965, ó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Michigan nà wọ́n níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n du ipò kẹta pẹ̀lú Wichita State, òun nìkan gba pọ́ìǹtì 58. Gbogbo ènìyàn ló mọ ti 58 yẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé kò sí bí ọmọ Ìtàn á ṣe jáde ní Princeton láìkọ pírójẹ́ẹ̀tì gígùn, tirẹ̀ sì dá lórí ìbò Sẹ́nétọ̀ tí Harry Truman dù ní Missouri ní 1940. Ẹ tún àkòrí yẹn wò: ọkùnrin kan, ìpínlẹ̀ kan, ìbò kan, ọdún kan. Kò lọ kọ ìtàn òṣèlú Amẹ́ríkà láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó mọ̀ pé wákàtí òun kò pọ̀ ló gé àkòrí báyẹn. Lẹ́yìn náà ló lo ọdún méjì ní Oxford kó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Knicks ti New York ní 1967, ó gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú wọn ní 1970 àti 1973, ó sì padà di Sẹ́nétọ̀ fúnra rẹ̀.

Kareem Abdul-Jabbar náà, gbajúmọ̀ agbábásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Lew Alcindor nígbà yẹn, Ìtàn ló kà ní yunifásítì UCLA. Ó gba ife-ẹ̀yẹ yunifásítì ní 1967, 1968 àti 1969 léraléra. Ní ìsinmi ọdún 1964, nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ètò kan wà ní Harlem tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn. Ó wà nínú wọn, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ ilé ìkàwé Schomburg lọ wá ìtàn àdúgbò rẹ̀. Kó tó dé yunifásítì ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀ka Ìtàn ní Ifẹ̀ kì í ṣe ibi ìfarapamọ́ fún ọ̀lẹ. Ibẹ̀ ni òpìtàn ńlá Adéagbo Akínjógbìn ti kọ́ni. Ibẹ̀ ni òpìtàn Tóyìn Fálọlá náà ti gba B.A. ní 1976 àti Ph.D. ní 1981. Àmọ́ ọmọ tó ń wọlé lásìkò yìí, ó ṣeé ṣe kó má rí ẹ̀kọ́ Ìtàn nílé ìwé girama kékeré rárá, nítorí pé láti bí 2009 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró, kí wọ́n tó wá ń dá a padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń mọ orúkọ láìmọ èyí tó ṣáájú. Kó wá káàdìbọ́ọ̀dù kan, kó fa ìlà gígùn sí i, kó kọ jíhàádì 1804 síbẹ̀, ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ láti 1877 dé 1893, ìwé àdéhùn àlàáfíà 1886 láàárín rẹ̀, ìdàpọ̀ Gúúsù àti Àríwá ní 1914, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti ń wò ó kó tó sùn, lẹ́kíṣọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ká wá bọ́ sórí ètò ọ̀sẹ̀. Oòrùn ló ń ṣètò tírénì níhìn-ín. Pápá simẹ́ǹtì tí kò ní òrùlé kò ṣeé dúró sí ní aago méjì ọ̀sán, nítorí náà aago mẹ́rin sí mẹ́fà àbọ̀ ló bọ́ sí. Lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́rin sì wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ̀mẹ́sítà ni kí ọmọ náà ti mú tàímù-tébù lọ bá kóòṣì. Kóòṣì tó bá ti mọ̀ tipẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ kò ní ṣeé ṣe, á wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó bá gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ gan-an, orí bẹ́ǹṣì ni yóò fi ọmọ náà sí lọ́jọ́ ìdíje.

Yúníìtì tí òfin fàyè gbà ni 15 sí 24 ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Sẹ̀mẹ́sítà tí NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bá máa bọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ sílẹ̀ fún 24. Kọ́ọ̀sì ọ̀ranyàn ni kó mú, kó jẹ́ kí àwọn tó lè yàn dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé ní Ifẹ̀, kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ ní Harmattan, sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, kì í sábà sí ní Rain, sẹ̀mẹ́sítà kejì. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan ní Harmattan, á dúró de Harmattan mìíràn. Tó bá jẹ́ pé ọdún kẹrin ló wà, ìyẹn ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wà ní NYSC kí òun tó jókòó ìdánwò kan ṣoṣo. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà tún ń da ètò rú. NUGA 2022 tí wọ́n ṣe ní Èkó bọ́ sí àárín ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU. Ó dà bí àǹfààní, nítorí kò sí lẹ́kíṣọ̀ tí ẹnikẹ́ni pàdánù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n sáré ẹ̀kọ́ ni, ẹni tí kò ka nǹkan kan láti February di October sì rí i bó ṣe rí.

Ìwé kíkà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ nóòtì bó ṣe ń kà lọ, ojú ìwé 20 ló lè ṣe ní wákàtí kan tí á yé e. Àpilẹ̀kọ kan máa ń tó ojú ìwé 30, wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn. Kọ́ọ̀sì márùn-ún, àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀: wákàtí méje àbọ̀. Kò tó wákàtí tírénì ọjọ́ mẹ́rin, èyí tó jẹ́ mẹ́wàá. Àmọ́ tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀, ó ti di wákàtí 75. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè jáàkì wákàtí 75 ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò méjì, tí á tún máa yẹ iṣẹ́ wò, tí á sì tún sùn. Kí ìwé tó le jẹ́ ti ìdájí, aago márùn-ún sí mẹ́fà àbọ̀. Lẹ́yìn tírénì, ara ti rọ̀, oorun ti dé; tó bá ṣí ìwé tó nípọn nígbà yẹn, ìlà kan náà ni á máa kà títí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kó fi alẹ́ ṣe: kó da nóòtì kọ, kó to káàdì, kó tẹ̀wé.

Káàdì náà, ẹ gé bébà A4 kan sí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ìwé, àkòrí, ọdún àti ojú ìwé. Èrò tirẹ̀, bírò aláwọ̀ mìíràn ni kó fi kọ ọ́, kó má baà gbàgbé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó wá kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń ya ìwé ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀ báyìí, kò burú. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àárín ìwé ni wọ́n máa ń yà, wọn kì í ya iwájú rẹ̀. Ojú ìwé tí orúkọ ìwé wà ni ẹ kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà èyí tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, kí nọ́ńbà ojú ìwé sì hàn nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí sùpáfáísọ̀ bá ní "níbo lo ti rí èyí?", ogójì fọ́tò ló máa wà lọ́wọ́ tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá.

Orí pápá náà nílò àkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ Ìtàn ti yẹ kó ju àwọn yòókù lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn irin apẹ̀rẹ̀: láti ilẹ̀ dé ojú irin gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 3.05. Àwọn pápá ìta máa ń tẹ̀ nítorí àwọn tó ń fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ irin. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta jùlé irin tó ti wálẹ̀ dé 2.95, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní dé ọ̀hún lórí pápá gidi, wọ́n á sì ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ wọn ìlà fáàlù pẹ̀lú, mítà 4.6 sí iwájú pátákó. Bọ́ọ̀lù, ẹ gbé e sókè tó mítà 1.8, kí ẹ fi sílẹ̀. Tí orí rẹ̀ bá padà dé àárín 1.2 sí 1.4, atẹ́gùn rẹ̀ pé. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ nítorí eruku. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi ìpara pa ọwọ́ kí ẹ tó wọ pápá.

Lẹ́yìn náà ni ìwé kékeré. Ibi márùn-ún lórí pápá, ìjù mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ iye tó wọlé, kọ aago. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan tí ojú kò rí á jáde. Ó lè rí i pé láti igun kan, ọwọ́ rẹ̀ dára lówùúrọ̀ Sátidé àmọ́ ó bàjẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe apá ló ṣẹ̀: oòrùn tó ń wọ̀ ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ á lọ yí ọwọ́ ìjù rẹ̀ padà láìnídìí. (Ẹ má gba ìwé tí ọ̀rẹ́ yín kọ fún yín gbọ́ o. Ọ̀rẹ́ máa ń ka èyí tó kan irin mọ́ èyí tó wọlé.)

Bàtà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí simẹ́ǹtì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń họ ìsàlẹ̀ bàtà níbi ìpìlẹ̀ ọmọ ìka títí á fi dán. Ọjọ́ tó bá yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa yí. Yìnyín tàbí omi tútù, aṣọ tí wọ́n fi dì í, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí: ìyẹn ni ti ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Àwọn tó máa ń sáré gbé omi gbígbóná àti róòbù wá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi kún wíwú rẹ̀ ni.

Pírójẹ́ẹ̀tì ló wá kàn, òun ló sì máa ń gbé àwọn eléré ṣubú jù. Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba, National Archives, wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó, Ọ̀yọ́ Province ni Ifẹ̀ àti Iléṣà wà, nítorí náà fáìlì wọn ń bẹ nínú àkójọ tí wọ́n pè ní Oyo Prof, ti Ifẹ̀ tún wà nínú èyí tí wọ́n pè ní Ife Div. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni ibẹ̀ ń ṣí. Ọjọ́ tí eléré sì ráyè ni Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Ọjọ́ kan ní Ìbàdàn á mú tírénì kan àti lẹ́kíṣọ̀ méjì lọ, ọjọ́ kan kò sì tó, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èèyàn fi ń wo àtòjọ tó sì ń kọ nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́ kejì ló ń rí fáìlì fúnra rẹ̀ kà. Ìsinmi tó tẹ̀lé ìdánwò ọdún kẹta ló dára jù fún un. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka kí ọ́fíìsì tó tì, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó mú pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, kó sì bèèrè iye tí wọ́n ń gbà kó tó fi fóònù ya nǹkan.

Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó mú àkòrí tí ẹnu àgbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítòsí. Iléṣà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí Ifẹ̀. Àwọn òṣómàáló tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri, ọjà Àtakúnmọ́sà, àwọn awakọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, gbogbo wọn ló ní àgbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ kí ó má kọ "Ìtàn òwò Ìjẹ̀ṣà". Kó mú àdúgbò kan, òwò kan, ọdún ogún. Sátidé kì í dára, inú àríyá ni wọ́n máa ń wà. Sọ́ńdè lẹ́yìn aago méjì, tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n sì ti jẹun, ló dára. Fún àwọn mùsùlùmí, kó yẹra fún Jímọ̀ ọ̀sán. Ẹni tó ga níwọ̀n mítà méjì, kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kó sì tètè jókòó sórí àpótí kékeré. Bàbá kan kò ní fi ọrùn dídùn wo òkè tán kó tún wá sọ̀rọ̀ wákàtí kan.

Kó tọrọ àyè kó tó tan fóònù gba ohùn sílẹ̀, kó sì fi í sí flight mode, nítorí ìpè kan tó bá wọlé lè dá gbígbà ohùn dúró, èèyàn kò sì ní mọ̀ títí tí á fi délé. Kó wá béèrè bó ti yẹ. "Bàbá, ọdún wo lẹ ra mọ́tò àkọ́kọ́?" Ìdáhùn tó ń bọ̀ ni "Ó ti pẹ́, ọmọ mi." Ẹ gbà á báyìí dípò rẹ̀:

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ ra mọ́tò yẹn, ọwọ́ wo ni wọ́n ń gbà lójú títì?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí i."

"Ṣé náírà ti dé nígbà yẹn?"

"Rárá o, pọ́n-ùn la ṣì ń ná."

Ó parí. Ọjọ́ 2 April 1972 ni Nàìjíríà yí ọkọ̀ wíwà sí ọwọ́ ọ̀tún, 1 January 1973 ni náírà dé. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín méjèèjì, bàbá kò sì dárúkọ ọdún kan rárá. Irú òpó bẹ́ẹ̀ pọ̀: ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní January 1955, òmìnira ní 1960, ogun abẹ́lé láti 1967 dé 1970, rògbòdìyàn àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, owó Udoji tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ní 1975, àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé kí ẹ tó jáde nílé.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Nígbà tí náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà kò yí padà. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nítorí náà tí ìyá bá ní "ṣílè márùn-ún la ń tà á", kò túmọ̀ sí pé kí 1973 tó dé ni. Ìdí tó fi yẹ kéèyàn béèrè bóyá náírà ti dé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ owó nìkan. Kó sì tọrọ ìwé: ìwé owó orí àtijọ́, rìsíìtì, fọ́tò tí òǹtẹ̀ ayàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà kì í da ìwé owó nù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí bàbá ń sọ, inú ìwé ló ti kà á. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ti tàn kálẹ̀ láti 1921, ìran Ọ̀yọ́ sì ni Johnson ti wá. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Kírìjì ní Iléṣà tó dún gẹ́lẹ́ bí ti Ọ̀yọ́, kó béèrè pé, "Ta ló sọ ọ́ fún yín, Bàbá?" Johnson yìí náà ni kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú nóòtì tó kù. Kí ohùn tí wọ́n gbà ní Sọ́ńdè ti wà lórí Google Drive kí Mọ́ńdè tó mọ́.

Ohùn wákàtí kan máa ń gba bíi wákàtí márùn-ún láti tẹ̀ jáde, ti Ìjẹ̀ṣà tó kì á gba jù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó dàgbà ní Èkó. Ibí ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ti wúlò. Ìwé kíkà nínú bọ́ọ̀sì á mú orí fò ó, àmọ́ ó lè fi ìyafóònù sétí, kó máa kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ pàtàkì wà: 12:40, bí wọ́n ṣe gba gbèsè, 31:05, orúkọ ọ̀gá. Tó bá dé ilé, ibi tó sàmì sí nìkan ni kó kọ́kọ́ tẹ̀.

Ó ku lẹ́tà. Tí ìdíje bá ń bọ̀, ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka pé ọmọ náà kò ní sí nílé. Ọmọ náà ni kó gbé e lọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó rìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Ẹ̀dà mẹ́ta: ti olórí ẹ̀ka, ti olùkọ́ tí tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, àti tirẹ̀, kí akọ̀wé sì lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ tirẹ̀. Olùkọ́ lè ti gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń gbé èsì jáde lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, tàbí kó ti lọ fún ìsinmi ìwádìí. Bébà olóǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún un ní tẹ́ẹ̀sì mìíràn.